Òkobaba, Etí Ọ̀sà Èbúté Mẹ́ta

Òkobaba ni etí ọ̀sà tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èbúté Mẹ́ta láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá wá wo ìtàn àdúgbò yìí, Ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ. Ó tọ́ kó débẹ̀. Àmọ́ omi ti sọ Èbúté Mẹ́ta di ìlú kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901. Èbúté ló wà nínú orúkọ rẹ̀; Ìddó, Òtò àti Òyìngbò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí mẹ́ta ọ̀hún. Ibẹ̀ náà ni Glover, gómìnà Èkó, ti fún àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé 1867 lé kúrò ní Abẹ́òkúta nílẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kò sí ohun tí àlejò máa wò lórí omi Òkobaba, torí kò yí ayùn kankan rí, pé ẹ̀rọ ló ń la pákó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n létí odò Zaan ní Nẹ́dálándì, atẹ́gùn ló ń yí ayùn, omi ló ń gbé gẹdú wá, àwọn àlejò sì ń lọ wo méjèèjì títí dòní. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣe ń gbé gẹdú wá sí Òkobaba. Ìrókò, ọ̀gánwó, àfàrá, ọ̀pẹ̀pẹ̀: láti igbó Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń gé wọn, wọ́n á so wọ́n pọ̀ lórí omi, wọ́n á fi ọkọ̀ fà wọ́n gba orí ọ̀sà. Igi tó wúwo tó lè rì, wọ́n á so ó mọ́ èyí tó fúyẹ́. Omi yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn la gẹdú kó tó kan ayùn. Láti orí Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti rí gẹdú tó léfòó láìmọ ohun tí wọ́n ń wò.

Àríwísí tó le láti dáhùn ni ti iná àti èéfín, àti lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń dí ọ̀sà. Kò sí ohun tó yẹ ká fi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìdí sì wà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ní kí àwọn onípákó kó lọ sí Àgbọ̀wá. Iṣẹ́ lè kó lọ, àmọ́ kò yẹ kí ìtàn rẹ̀ bá a lọ. Kí ìjọba fi ẹ̀rọ ìlagi kan àti èbúté gẹdú kan sílẹ̀ létí omi náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn igi náà síbẹ̀ ní Yorùbá.