Ta ni Lord Gifford, ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba àmì ẹ̀yẹ akọni lórí ogun Kumasi?

Ní 2024, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 32, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ wúrà, dé Kumasi ní Ghana láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ní London.

Àmọ́ wọn kò dá wọn padà o. Wọ́n kàn yá ààfin Manhyia wọn ni, nítorí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjèèjì láti yọ̀ǹda wọn pátápátá.

Lára wọn ni èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó nígbà ogun 1874. Ẹni tó máa ń ṣíwájú ọmọ ogun wọ̀nyí nínú igbó ni Lord Edric Gifford.

Ọmọ ọlọ́lá tó wọṣẹ́ ológun

Ọdún 1849 ni wọ́n bí Gifford, ó sì wọṣẹ́ ológun ní 1869.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1872, ó jogún oyè Baron. Oyè yìí fún un ní ẹ̀tọ́ láti jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un.

Ní 1873, ó bá Ọ̀gágun Garnet Wolseley wá sí Gold Coast láti gbéjà ko Asantehene Kofi Karikari, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti sọdá odò Pra.

Ogun náà kan Èkó pẹ̀lú. John Glover, tó ti ṣàkóso Èkó rí, kó àwọn ọmọ ogun Hausa láti Èkó lọ síbẹ̀.

Kí ló ṣe nínú igbó Asante?

Gifford ló ṣolórí àwọn amí. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ibi tí àwọn ọmọ ogun Asante wà kí ẹgbẹ́ ogun tó dé.

Ní ọjọ́ Kìíní, oṣù Kejì, 1874, òun àti àwọn amí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìlú Bekwai. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kumasi bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Karikari ti kúrò níbẹ̀.

Wọ́n kó wúrà ààfin, wọ́n fi ẹ̀tù wó ààfin náà, wọ́n sì dáná sun ìlú. Wọ́n ta lára ẹrù náà ní gbàǹjo ní Cape Coast. Wọ́n tún ní kí Asante san 50,000 áńsì wúrà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn.

Láti ojú ogun dé ipò ìṣèlú

Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Gifford gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross. Karikari ní tiẹ̀ pàdánù oyè rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Gifford lọ sógun Zulu ní 1879. Lẹ́yìn náà, ó di akọ̀wé ìjọba ní Western Australia, ó sì tún ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Gibraltar.

Ní 1889, ó wà lára àwọn olùdarí British South Africa Company, ilé iṣẹ́ Cecil Rhodes tó gba ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Zimbabwe lónìí. Ó kú ní 1911.

Ìwé tí wọ́n fi kéde àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sọ pé kò sí òyìnbó mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ń mú àwọn ọ̀tá lẹ́rú. Ìyẹn ni pé ọmọ Áfíríkà ló bá a ṣiṣẹ́ náà.

Ìwé náà kò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn.