Aṣọ Tí A Kò Fi Abẹ́rẹ́ Rán: Ìtàn Téèpù, Òde Alẹ́ àti Owó Ilé-Ìwé ní Amẹ́ríkà

Láti ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ tó ń ta téèpù Duck, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Avon ní ìpínlẹ̀ Ohio, ti ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama Amẹ́ríkà àti Kánádà sí ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Stuck at Prom. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi téèpù ṣe aṣọ tó yẹ fún prom. Prom ni òde alẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ girama bá ń parí lọ. Ọmọbìnrin á wọ gáùn gígùn, ọmọkùnrin á wọ kóòtù àti táì, òbí á sì máa náwó bí ẹni ń ṣe ìgbéyàwó. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, nítorí náà ẹni tó mọ bí aṣọ ẹbí ṣe ń gba owó lápò ẹni kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ̀bùn ìdíje náà kì í ṣe ife wúrà. Owó tí olùborí yóò fi lọ sí ilé-ìwé gíga ni.

Lójú ẹni tó bá wò ó fìrí, eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n fífi ohun tí kì í ṣe aṣọ ṣe aṣọ òde ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà, ọwọ́ àwọn ìyá tí kò lówó lọ́wọ́ ni iṣẹ́ ọ̀hún sì ti kọ́kọ́ wá.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, àpò òwú ni wọ́n fi ń ta ìyẹ̀fun, ṣúgà àti oúnjẹ adìẹ. Àwọn obìnrin oko kì í da àpò náà nù. Wọn á tú u, wọn á fi ọṣẹ fọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, wọn á sì fi rán ṣẹ́ẹ̀tì, gáùn àti aṣọ ìsìnmi ọmọ. Àwọn oníṣòwò rí i. Kàkà kí wọ́n bínú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdòdó àti oríṣiríṣi àwòrán sára àpò, kí obìnrin lè yan ìyẹ̀fun tiwọn nítorí aṣọ tí yóò ti ara rẹ̀ jáde. Ọkọ tó ń lọ ra oúnjẹ adìẹ á gba ìkìlọ̀ kí ó tó kúrò nílé pé irú àwòrán báyìí ni kí ó mú bọ̀, nítorí àpò kan ṣoṣo kò tó gáùn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí àpò pépà bẹ̀rẹ̀ sí í lé àpò òwú kúrò lọ́jà, àwọn oníṣòwò òwú dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń fi àpò rán aṣọ. Àpò pépà ni ó borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀: ọgbọ́n tí àìní kọ́ ènìyàn lè di ìpolówó ọjà fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ Scott, tó ń ṣe pépà ìnuwọ́ àti pépà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tún gba ọ̀nà yìí. Ó ṣe gáùn pépà, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó bá san dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25. Nǹkan bí 500,000 ni wọ́n tà. Ó ń ya, ó sì lè gbiná, àṣà náà kò sì pẹ́ kó tó wọlẹ̀.

Téèpù náà ní ìtàn tirẹ̀, obìnrin kan ló sì wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1943, Vesta Stoudt ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí wọ́n ti ń di ọta ìbọn sínú àpótí. Téèpù pépà ni wọ́n fi ń lẹ ẹnu àpótí náà, wọn á yọ etí rẹ̀ díẹ̀ síta kí jagunjagun lè fà á, wọn á sì rì í sínú ìda kí omi má baà wọlé. Stoudt ṣàkíyèsí pé etí pépà yìí máa ń já. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì wà nínú ológun ojú omi, ó sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń fi èékánná họ àpótí nígbà tí ọ̀tá ń yìnbọn. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n fi aṣọ ṣe téèpù náà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan sí i, ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún náà, ó sì ya àwòrán ohun tó ń sọ sínú rẹ̀. Lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ohun èlò ogun, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún.

Aṣọ, nígbà náà, kò ṣàjèjì sí téèpù yìí rárá. Okùn òwú tí a hun ló wà láàárín rẹ̀, rọ́bà tó ń lẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀rá sì wà lókè. Kódà ọ̀rọ̀ náà “duck”, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló túmọ̀ sí, tún jẹ́ orúkọ aṣọ òwú líle kan, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Netherlands tó túmọ̀ sí aṣọ. Lẹ́yìn ogun, àwọn kọ́lékọ́lé ń fi téèpù náà lẹ ojú páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú yàrá, àwọ̀ ewé àwọn ológun sì yí padà sí àwọ̀ fàdákà. Ní àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Manco sọ Duck di orúkọ ọjà rẹ̀, tó sì fi pẹ́pẹ́yẹ ṣe àmì. Oríṣiríṣi àwọ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọ̀ wọ̀nyí ni ó mú kí ìdíje aṣọ ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ to téèpù síra wọn, ọ̀kan á gun èkejì díẹ̀, títí yóò fi fẹ̀ bí aṣọ. Á tún to òmíràn, á sì dojú ibi tó ń lẹ̀ kọ ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó gé e bí aránṣọ ṣe ń gé aṣọ. Sísìsì á máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí téèpù bá lẹ̀ sí ibi tí kò yẹ, kò ṣeé tú bí òwú. Aṣọ tó jáde níbẹ̀ wúwo, kò gba atẹ́gùn, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ jó á làágùn gidigidi. Síbẹ̀, àwọn kan ti ṣe ìṣẹ́po, òdòdó, bàtà, àpamọ́wọ́ àti fìlà tó jọ ti ààfin, ìyẹn kò sì ṣeé fojú tín-ín-rín.

Ohun tó yẹ ká wò dáadáa ni òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń dá àwọn olùdíje lẹ́jọ́. Yàtọ̀ sí mímọṣẹ́, ọgbọ́n àtinúdá, ìlò àwọ̀ àti ẹ̀ṣọ́, wọ́n tún ń wo iye téèpù tí akẹ́kọ̀ọ́ lò. Obìnrin alápò ìyẹ̀fun ń gbìyànjú kí aṣọ má ṣòfò. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí, bí ó bá ti lò púpọ̀ tó ni ó dára tó. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ di ìpolówó tí ilé-iṣẹ́ kò sanwó iṣẹ́ fún, àyàfi fún àwọn díẹ̀ tó borí. Àwọn mìíràn á mú aṣọ wọn lọ sílé.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ṣe é? Ogun tó bí téèpù yìí náà ló bí òfin ọdún 1944 tí ìjọba Amẹ́ríkà fi san owó ilé-ìwé fún àwọn jagunjagun tó padà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú wọn kò rí i gbà bó ti yẹ. Lónìí, gbèsè owó ẹ̀kọ́ tó wà lọ́rùn àwọn ará ilẹ̀ náà ti ju tírílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ. Ní ọdún 2020, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú ìdíje náà jẹ́ 10,000 dọ́là fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fásitì aládàáni ń gba ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ fún ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó bá borí pàápàá ṣì ní láti wá ìyókù.

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, wọ́n sì fagi lé prom káàkiri. Ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, ìpínlẹ̀ tí Stoudt ti ṣiṣẹ́, lo téèpù 41 àti nǹkan bí wákàtí 400 láti fi ṣe gáùn tó fi àwòrán sọ ìtàn àrùn náà: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé nílé, àwọn ènìyàn tó ń sá fún kòkòrò. Ijó kò sí, ìdíje wà. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́, ayé sì rí i láì jẹ́ pé ó wọ̀ ọ́ dé òde kankan.