Ilé tí bọ́ǹbù bà jẹ́: kí la kọ́kọ́ máa tún ṣe?

Bí ìbúgbàmù bá ṣẹlẹ̀, iye èèyàn tó kú àti ẹni tó fà á ni ìròyìn máa ń dá lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ariwo á lọ sílẹ̀, àmọ́ onílé ṣì wà níta tó ń wo ògiri tó sán àti òrùlé tó ṣí. Ẹni náà là ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa

Kì í ṣe ìlú tí ogun ń jà nìkan ni bọ́ǹbù ti ń ba ilé jẹ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà, l'Ékòó, gbiná. Èèyàn tó lé ní 1,000 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bọ́ sínú kánáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá lọ. Bọ́ǹbù tí kò tíì bú fọ́n káàkiri àdúgbò.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Èèyàn 5 kú, ilé tó lé ní 50 ló sì fara gbá.

Ìgbà ọyẹ́ ni méjèèjì, ó ṣì ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, torí òjò ló máa ń parí iṣẹ́ tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀. Ní Ajilete níbí àti káàkiri Yewa, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lára ṣì pọ̀. Bí páànù bá ṣí lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí òjò nà án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè wó lulẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní London

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù sí London láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 títí di oṣù karùn-ún ọdún 1941. Ní 1944, wọ́n tún rán bọ́ǹbù tó ń dá fò wá, ó sì ba ilé tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ò tó, ohun èlò náà ò tó. Torí náà, wọn ò dúró kí ilé kan parí pátápátá kí wọ́n tó kan òmíì. Wọ́n kọ́kọ́ fi tápólì bo òrùlé, wọ́n fi ohun tó bá wà nílẹ̀ dí ojú wíńdò. Ilé tó bàjẹ́ díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tún ṣe, torí iṣẹ́ tí wọ́n máa fi kọ́ ilé kan tó wó tán lè dá ọ̀pọ̀ ìdílé padà sílé. Wọ́n kó bíríkìlà àti kápẹ́ńtà wá láti àwọn ìlú mìíràn. Òfin ọdún 1941 sì dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń san owó àtúnṣe fáwọn onílé.

Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ lé e

1. Ẹ má sáré wọlé. Bí ẹ bá rí irin tàbí nǹkan tí ẹ ò mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lé ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe 112.

2. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Òun lẹ máa fi bá ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò sọ̀rọ̀.

3. Ẹ yẹ ògiri wò. Bí ògiri bá tẹ̀, tí ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́, tí rọ́ọ̀dù yọ lára òpó, tàbí tí ibi tó sán gba igun wíńdò lọ, ẹ jáde, kí ẹ pe ẹnjiníà. Bó bá jẹ́ ìlà tínínrín ni, ẹ fi bírò sàmì sí òpin rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá àmì yẹn, ilé náà ṣì ń rìn.

4. Bí ògiri bá ṣì dúró dáadáa, ẹ bo òrùlé. Tápólì tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ dáadáa lè gba ilé là títí owó páànù á fi dé.

5. Síìlìnì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ bo imú.

6. Ẹ má fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri tó sán kí ẹ tó mọ ohun tó fà á. Àìsàn lẹ kàn fi pamọ́ yẹn.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu ná. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó bá ní tápólì mẹ́wàá nílẹ̀ lè gba ilé mẹ́wàá là kí ẹnikẹ́ni tó dé láti Abẹ́òkúta.