Omi Tí Ń Pòòyì: Ìtàn Ìbéèrè Kan Nípa Òkun àti Ẹ̀fúùfù

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni a mọ̀ mí mọ́. Ẹ má bi mí ohun tí ó gbé mi dé etí òkun. Ìtàn ìbéèrè kan ni mo mú wá, ìbéèrè náà sì kan àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè bí ó ti kan apẹja Ogun Waterside.

Lọ́dọọdún, láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi òkun a máa tutù ní etíkun láti Côte d'Ivoire títí dé Benin, nítorí pé omi ìsàlẹ̀ ń rú wá sókè. Ẹja a máa pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tútù kì í fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin púpọ̀, èyí sì wà lára ohun tí ó ń fa ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ, tí àgbẹ̀ wa fi ń dúró kí ó tó gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí ni ó ń gbé omi náà sókè?

Ẹ̀fúùfù ni ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ní ìhà àríwá ayé, yíyí tí ayé ń yí a máa mú kí omi ojú òkun yà sí ọ̀tún ẹ̀fúùfù. Nítorí náà ẹ̀fúùfù tí ó bá gba etíkun yìí lọ sí ìlà-oòrùn a máa ti omi kúrò létí ilẹ̀, ti ìsàlẹ̀ a sì wá dípò rẹ̀. Ó tẹ́ni lọ́rùn, àfi pé ẹ̀fúùfù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ le sí i ní àkókò tí omi ń tutù jù.

Ní 1977, Marchal àti Picaut na ìka sí òòyì omi: bẹ́ẹ̀ ni n ó máa pe omi ńlá tí ń pòòyì lójú òkun bí ààjà. Ìṣàn Gíní tí ń lọ sí ìlà-oòrùn a máa kọjá ṣóńṣó ilẹ̀ ní Cape Palmas àti Cape Three Points. Lẹ́yìn ṣóńṣó náà ni omi ti ń pòòyì, bí odò ti í ṣe lẹ́yìn òpó afárá. Bí ó bá yí lòdì sí ọwọ́ aago, omi àárín rẹ̀ a rú sókè. Ẹ̀fúùfù kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ òòyì omi. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ó ń bá a lọ, ní ẹ̀gbẹ́ kejì ó ń dojú kọ ọ́. Ìdojúkọ ni ó lágbára jù, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Adamec àti O'Brien fi kọ̀ǹpútà ṣírò pé bí ẹ̀fúùfù bá le ní ìwọ̀-oòrùn Àtìláńtíìkì, lọ́hùn-ún ní ìhà Brazil, ìgbì abẹ́ omi yóò gba agbedeméjì ayé wá sí Áfíríkà, yóò sì gbé omi tútù sún mọ́ òkè. Mo fẹ́ràn èsì yìí. Ó ní ìrìn àjò nínú bí ìtàn ọlọ́dẹ. Bóyá ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí n jẹ́ onídàájọ́ rẹ̀.

Ní 2014, Djakouré àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ṣóńṣó ilẹ̀ méjèèjì kúrò nínú òkun orí kọ̀ǹpútà. Omi tútù kò lọ. Òòyì omi wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń gbé e sókè. Ní 2017 wọ́n fi hàn pé Ìṣàn Gíní fúnra rẹ̀ ni olórí okùnfà ní ìlà-oòrùn Cape Palmas. Ní ìlà-oòrùn Cape Three Points, ẹ̀fúùfù etíkun ni. Èsì tí a kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀ padà wọlé, ó gba ìdajì ilé.

Síbẹ̀ ọwọ́ ẹ̀fúùfù ọ̀nà jíjìn ṣì wà níbẹ̀. Láti 1997 ni Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń so irinṣẹ́ tí ń léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì láti máa wọn ẹ̀fúùfù àti ìgbóná omi. Kò sí orílẹ̀-èdè etíkun Gíní kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.