Ìpín Iṣẹ́ Ọba Níwájú Adájọ́

Ní Zion Pepe àti ní àwọn ìlú tí ó wà ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, omi ni ọ̀nà. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ibẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókòdá, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, kí ó lọ gba ìwé-ẹ̀rí pé ọmọ ibẹ̀ ni òun í ṣe. Ìwé yìí kò ṣe é fi sílẹ̀, nítorí pé bí ó bá dé Àbújá, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nìkan ni wọn yóò wò. Wọn yóò wo ìpínlẹ̀ tí ó ti wá pẹ̀lú. Bí àṣà yìí ti ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí àwọn adájọ́ ti wí nípa rẹ̀, jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí a mọ̀.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ilé-ìwé tètè gbilẹ̀ ní Gúúsù ju ti Àríwá lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipò wọn sílẹ̀, àwọn ará Gúúsù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní ìwé-ẹ̀rí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn aṣíwájú Àríwá pé bí òyìnbó bá dìde lórí àga, àjèjì mìíràn ni yóò jókòó sí i. Ìjọba Ẹkùn Àríwá wá gbé ìlànà kalẹ̀ pé ọmọ Àríwá ni kí a kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́. Bí a kò bá rí i, kí a gba òyìnbó. Ará Gúúsù ni yóò kẹ́yìn. Láàrin ọdún 1954 sí ọdún 1958, àwọn ará Gúúsù tí a yọ kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba Àríwá lé ní 2,000. Ẹ̀rù àwọn tí ó lé ni ní ìdí. Ìyà àwọn tí a lé kò sì kéré.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970, ó hàn gbangba pé orílẹ̀-èdè tí apá kan rẹ̀ bá rò pé a ti yọ òun sílẹ̀ kò lè rójú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, Ọ̀gágun Murtala Mohammed ṣí ìpàdé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ Ìwé Òfin tuntun. Olóyè Rótìmí Williams ni alága rẹ̀. Nípa báyìí ni ìlànà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Federal Character ṣe wọ inú Ìwé Òfin ọdún 1979. Abala 14(3) pa á láṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rí bí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà, kí àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí láti inú ẹ̀yà díẹ̀ má baà gba ibẹ̀ kan. Ìwé Òfin ọdún 1999 tún un sọ ní abala kan náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Orí Kejì Ìwé Òfin, níbi tí a kọ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa lépa, ni abala yìí wà. Abala 6(6) sì sọ pé àwọn adájọ́ kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí náà. Lọ́wọ́ kejì, Orí Kẹrin ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ìlú abínibí léèwọ̀, a sì lè pe ẹjọ́ lé e lórí. Síbẹ̀, Orí Kẹrin yìí kan náà yọ̀ǹda fún òfin tí ó bá fi ààlà sí yíyan ènìyàn sí ipò ìjọba. Ní ọdún 1981, nínú ẹjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúbùnmi Okogie pe Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó nítorí ilé-ìwé aládàáni, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn là á yé gbogbo ènìyàn pé Orí Kejì kò lè borí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ṣùgbọ́n pé a kò lè fi òun fúnra rẹ̀ pe ẹjọ́.

Ẹjọ́ tí ó dán ìpín yìí wò jù lọ kò ti ilé-iṣẹ́ ọba wá rárá. Ilé-ìwé ni ó ti wá, níbi tí a ti ń tọ́ òṣìṣẹ́ ọba ọ̀la. Ní ọdún 1988, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ìdánwò àtiwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀. Wọn kò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pe àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ mìíràn tí máàkì wọn kò tó tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Èkó lórúkọ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró níwájú adájọ́. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ó ní i, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ti kọjá. Ní ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà parí ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ọmọ náà kò sì rí ìdáláre gbà. Odidi ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí ìdánwò ọmọdé.

Ní ọdún 1996 yìí náà ni ìjọba ológun fi Àṣẹ 34 dá Àjọ Federal Character sílẹ̀. Àjọ náà là á kalẹ̀ pé nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 3 lọ. Ìdá 1 ni ti Àbújá. Ìwé Òfin ọdún 1999 fún Àjọ náà lágbára láti gbé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó bá tàpá sí ìlànà yìí lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2002, Ìpínlẹ̀ Oǹdó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ nítorí òfin tí ó gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dáhùn pé bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe òfin láti mú ohun tí ó wà ní Orí Kejì ṣẹ, òfin náà múlẹ̀. Ilẹ̀kùn tí a tì ní ọdún 1981 ṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìpín iṣẹ́, Àjọ ni Ìwé Òfin fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí ń wá iṣẹ́.

Ìpínlẹ̀ ni ìpín yìí ń kà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìpínlẹ̀ ni ó ní àwo lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ 12 ni ó wà ní ọdún 1967; wọ́n di 19 ní ọdún 1976, nígbà tí a dá Oǹdó sílẹ̀, wọ́n sì di 36 ní ọdún 1996. Nígbà tí Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọdún náà, ìpín kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ di méjì. Ìlàjẹ gba ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ní ìgbà kan náà, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kò ní àwo ní Àbújá. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni ó wà nínú Oǹdó, orúkọ kan ni gbogbo wọn sì ń jẹ́ nínú ìwé Àjọ. Bí ọmọ Àkúrẹ́ bá gba iṣẹ́, Oǹdó ti gbà á. Bí ẹnikẹ́ni láti Zion Pepe kò bá tilẹ̀ gbọ́ pé àyè ṣí, ìṣirò náà pé síbẹ̀. Abala 14(4) ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka oríṣiríṣi ènìyàn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Orí Kejì ni òun pẹ̀lú wà.

Àwọn ará Íńdíà bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní ọdún 1992, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn fọwọ́ sí i pé kí a ya ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ènìyàn tí ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ní kí a yọ àwọn tí ó ti rí jájẹ láàrin ẹgbẹ́ náà kúrò, kí ọmọ olówó má baà fi orúkọ òtòṣì gba oúnjẹ òtòṣì. Ìlànà Nàìjíríà kò ní irú ajọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí bàbá ẹni ti wá, kò béèrè bí ọ̀nà ibẹ̀ ti jìn tó.

Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ni a ṣe dá ìpín sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ọdún 1988 béèrè bóyá ó tọ́ láti gba lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kan fún òmíràn. Ìbéèrè tí ó kù ni ti inú ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀: bí àwo Oǹdó bá ti Àbújá dé, ta ni ń bù ú, ta ni ó sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní etí òkun?