Láti Ọ̀bẹ dé Ìyẹ̀fun Inú Omi: Ìtàn Oògùn Ọmọdé tí Platelet Rẹ̀ Kéré àti Ilé Ìdáná ní Peckham

Ìfáàrà

Yorùbá gbà pé oògùn kì í dá ṣiṣẹ́. Àgbo ní ìwọ̀n tirẹ̀, àgúnmu ní ohun tí a fi ń mu ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní èèwọ̀. Ojú yìí ni àròkọ yìí fi wo ìtàn àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan tí ó máa ń ṣe ọmọdé, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní immune thrombocytopenia, tàbí ITP ní ìkékúrú. Kókó rẹ̀ ni pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ìtọ́jú àìsàn náà kúrò lórí tábìlì iṣẹ́-abẹ, ó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì wá balẹ̀ sí ilé ìdáná. Bí ó ti ń súnmọ́ ilé ni iṣẹ́ ìyá ń pọ̀ sí i. Ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, owó oògùn kọ́ ni ìdènà mọ́. Ohun tí ó kù ni bí èèwọ̀ oògùn náà yóò ṣe dé etí ẹni tí ń fún ọmọ lóògùn, ní èdè tí ó fi ń dáná.

Àìsàn náà

Platelet ni àwọn èérún sẹ́ẹ̀lì tí ń jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun, tí wọ́n sì ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà nù. Giulio Bizzozero, oníṣègùn ará Ítálì, ni ó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn yékéyéké ní 1882. Nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, iye wọn sábà máa ń wà láàárín bílíọ̀nù 150 sí 400. Nínú ọmọ tí ó ní ITP, àwọn ọmọ-ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àìsàn jà, a máa kọjú ìjà sí platelet bí ẹni pé ọ̀tá ni, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn òtútù tàbí àìsàn fáírọ́ọ̀sì mìíràn. Iye náà lè já wálẹ̀ débi pé kò ní tó bílíọ̀nù 20. Nígbà náà ni àmì pupa wínníwínní yóò yọ sára, ibi tí ọmọ ti fara gbá díẹ̀ yóò dúdú, imú tàbí èrìgì yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Àmì pupa náà kì í tètè hàn lára ọmọ aláwọ̀ dúdú. Inú ẹnu àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ wò.

Ara ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń yá láàárín oṣù mẹ́fà láìlo oògùn kankan. Àbójútó nìkan ni dókítà máa ń ṣe. Àwọn díẹ̀ tí àìsàn náà bá gbé pẹ́ ni ìtàn yìí kàn jù.

Ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́

Ní 1916, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Prague, Paul Kaznelson, dábàá pé spleen, ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì, ni ó ń ba platelet jẹ́. Ó rọ olùkọ́ rẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò lára obìnrin aláìsàn kan, platelet obìnrin náà sì gòkè. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́-abẹ ti di ìtọ́jú tí a mọ̀ mọ àìsàn yìí, fún àgbà àti ọmọdé.

Ohun tí ó fà á gan-an kò tíì hàn. Ní 1950, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn William Harrington gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tí ó ní ITP sí ara ara rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, platelet tirẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá, gìrì sì mú un. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ó tó padà sípò. Báyìí ni ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ń pa platelet. Oògùn steroid di ohun tí a ń lò láti dín ìjà náà kù. Ní 1981, Paul Imbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bern, ní Switzerland, ròyìn ọmọdé 13 tí wọ́n fa omi agbógunti-àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn olùtọrẹ sí iṣan wọn, tí platelet wọn sì gòkè kíákíá. Abẹ́rẹ́ ti gba iṣẹ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ṣì ni ibi ìtọ́jú.

Oògùn tí a ń mu

Gbogbo ìtọ́jú wọ̀nyí ń gbìyànjú láti dá apànìyàn dúró. Ọ̀nà kejì ni kí a ran mùdùnmúdùn lọ́wọ́ kí ó bí platelet púpọ̀ sí i. Láti 1958 ni a ti fún ohun àbáláyé tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lórúkọ: thrombopoietin. Ní 1994 ni àwọn onímọ̀ rí i dì mú. Irú rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kùnà, nítorí ara àwọn kan tí wọ́n gún un fún bẹ̀rẹ̀ sí í bá thrombopoietin tiwọn fúnra wọn jà. Ní 1998 ni wọ́n dá a dúró.

Láti inú ìjákulẹ̀ yìí ni eltrombopag ti jáde. Kò jọ thrombopoietin rárá, nítorí náà ara kò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ibòmíràn lára ilẹ̀kùn kan náà ni ó ti ń kan ilẹ̀kùn. A sì lè gbé e mì. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbà ní 2008. Nínú ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn Lancet tẹ̀ jáde ní 2015, ọmọ 92 ni ó kópa: nínú 63 tí ó lo eltrombopag, 25 ni platelet wọn gòkè tí ó sì dúró, nínú 29 tí ó lo ayédèrú, ẹyọ kan ni. Ní ọdún kan náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ọmọ tí ó ti pé ọdún kan, Yúróòpù sì tẹ̀lé e ní 2016. Fún àwọn kéékèèké tí kò lè gbé hóró oògùn mì, ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi ni.

Peckham àti ọwọ́ tí ń fún ọmọ lóògùn

Peckham ti pẹ́ nínú ìtàn ìlera ọmọdé. Harold Moody, ọmọ Jamaica, tí wọn kò gbà síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn nítorí àwọ̀ rẹ̀, dá ibi ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1913. Ní 1926, George Scott Williamson àti Innes Pearse bẹ̀rẹ̀ Pioneer Health Centre ládùúgbò kan náà, lórí èrò pé ìdílé lápapọ̀ ni ó yẹ kí a fi wọn ìlera, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ ilé ńlá fún un ní 1935. Ó kógbá sílé ní 1950. Ṣáájú ìyẹn, ní 1948, ìjọba Bìrìtìkó ti gbé ètò ìlera ọ̀fẹ́ NHS kalẹ̀. Wọ́n bu owó lé oògùn ní 1952, wọ́n mú un kúrò ní 1965, wọ́n sì dá a padà ní 1968, ṣùgbọ́n ní ọ̀tẹ̀ yìí wọ́n yọ ọmọdé sílẹ̀. Ní England lónìí, ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san kọ́bọ̀ lórí oògùn tí dókítà bá kọ fún un.

Ọwọ́ tí ń fún ọmọ lóògùn náà yí padà. Láàárín 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó tọ́, kí wọ́n lè ráyè kàwé. Ọwọ́ alágbàtọ́ ni ó ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóògùn. Nígbà tí ó yá, àwọn ìdílé ń tọ́ ọmọ wọn fúnra wọn, ìyá àgbà sì ń ti ilé wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Rye Lane kún fún iṣu, ewédú, edé àti ògì. Ilé ìdáná Yorùbá ti fìdí múlẹ̀ ní Peckham, inú rẹ̀ sì ni oògùn tuntun yìí ń wọ̀.

Èèwọ̀ eltrombopag

Calcium ni èèwọ̀ rẹ̀. Bí oògùn náà bá pàdé calcium nínú ikùn, méjèèjì á so mọ́ra, oògùn kò sì ní lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán ìyẹ̀fun náà wò pẹ̀lú oúnjẹ tí calcium pọ̀ nínú rẹ̀, iye tí ó wọ ẹ̀jẹ̀ dín kù ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ lò ó ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tàbí wákàtí 4 lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn inú rírun àti fítámì tí ó ní irin tàbí calcium wà nínú èèwọ̀ yìí pẹ̀lú.

Àwọn ohun tí ìwé inú páálí oògùn náà dárúkọ ni wàrà, ṣíìsì, yúgọ́ọ̀tì àti ice cream, oúnjẹ ilé òyìnbó. Kò dárúkọ ewédú, bẹ́ẹ̀ ni calcium pọ̀ nínú rẹ̀. Kò dárúkọ edé tí a lọ̀ ti èèpo ti èèpo, tàbí mílíìkì tí a dà sínú ògì. Àṣà náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àgúnmu fẹ́ràn ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyẹ̀fun eltrombopag kò fẹ́ ju omi lásán tí kò gbóná lọ, bí ìṣẹ́jú 30 bá sì kọjá lẹ́yìn pípò rẹ̀, a gbọ́dọ̀ dà á nù. Ìyá àgbà mọ bí a ti ń rọ ọmọ ní àgbo: a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ra. Síríǹjì ni ti oògùn yìí, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a ń fi ẹnu rẹ̀ sí, a ó sì máa tì í díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ lè ráyè gbé e mì.

Bí a kò bá ṣàlàyé èyí, ọmọ lè máa lo oògùn lójoojúmọ́ láìpa ọjọ́ kan jẹ, kí platelet rẹ̀ má sì gòkè. Dókítà tí kò mọ̀ nípa ògì oní-mílíìkì lè fi kún ìwọ̀n oògùn, tàbí kí ó rò pé oògùn náà kò bá ọmọ lára mu. Eltrombopag lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Kì í ṣe oògùn tí a ń fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣeré.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn tí wọ́n dá Pioneer Health Centre sílẹ̀ rí i pé inú ìdílé ni ìlera ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ITP fi hàn pé inú ìdílé ni ìtọ́jú náà ti ń parí. Láti ọwọ́ oníṣẹ́-abẹ ní Prague dé ọwọ́ ìyá àgbà ní Peckham, iṣẹ́ tí ó ṣòro jù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò kọ́ níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni náà kì í ṣe òpè. Bí nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn bá sọ fún un pé “má ṣe fún un pẹ̀lú calcium,” ọ̀rọ̀ náà lè má yé e. Bí wọ́n bá ní, “Mà, oògùn yìí léèwọ̀, wàrà àti ewédú wà lára èèwọ̀ rẹ̀,” kò ní nílò ìtumọ̀, nítorí ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ó bá jẹ èèwọ̀ oògùn ti ba oògùn jẹ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè ni kí wọ́n bá àwọn oníṣègùn jókòó, kí wọ́n sì to èèwọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ ní orúkọ oúnjẹ tí ó wà nínú ìkòkò ní Peckham.