Sùúrù Lérè, Ṣùgbọ́n Ta Ló Jẹ Èrè Náà? Ìtàn Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ tí Wọ́n Kó Kúrò ní Erékùṣù Èkó

Bí a bá dárúkọ Sùúrùlérè lónìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn ni Ojúẹlẹ́gba, pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní 1972, àti òpópónà Adéníran Ògúnsànyà. Àárín ìlú gbáà ni. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìlú ni lójú ẹni tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sẹ́yìn láwùjọ, abúlé ni a sábà máa ń rò: amọ̀kòkò tí abọ́ ike gba ọjà mọ́ lọ́wọ́, alágbẹ̀dẹ tí àdá òkè òkun lé kúrò nídìí ewìrì. Òótọ́ ni. Àmọ́ irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó níbí, ó sì wà lára bí Sùúrùlérè tí a mọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ipò tí oníṣẹ́ ọwọ́ wà tẹ́lẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ìdílé ni, orúkọ wa pàápàá sì ń jẹ́rìí sí i: Àyàn fún ìdílé onílù, Ọnà fún ìdílé oníṣẹ́ ọnà, Ògún fún ìdílé alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ. Nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà dé láti Bràsílì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi di ẹni iyì ní Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà yìí, João Baptista da Costa, ló darí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́ tún ṣe pàtàkì. Ilé ni ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń sùn nínú ilé ọ̀gá, ìyàwó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, oníbàárà ń kọjá lọ sí ọjà, ó sì ń yà. Ẹni tó ń ṣàìsàn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nítòsí tí yóò bá a dá oníbàárà lóhùn. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, èrò pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì rí wúruwùru. Lójú ẹni tó ń jẹun níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló so kọ́ra.

Ojú òkèèrè ni ìjọba fi wò ó. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ràn wọ Èkó ní 1924. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ Lagos Executive Development Board, LEDB, sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Àjọ yìí ló ṣètò àwọn ilé àti òpópónà Yábà. Ní 1954, Èkó di olú ìlú ìjọba àpapọ̀ ní tòótọ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Òmìnira ti ń sún mọ́lé, àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ kí àlejò wá bá àgbàlá tó kún fọ́fọ́ ní àárín olú ìlú. Ní 1955, ètò wíwó àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó bẹ̀rẹ̀: nǹkan bí éékà 70 ni wọ́n là kalẹ̀ láti wó. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n máa kó kúrò.

Ká má parọ́, ìṣòro wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èrò pọ̀ nínú yàrá, gọ́tà kò dára, àìsàn ń tàn. Kò sí ẹni tó kórìíra omi ẹ̀rọ àti ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò ta ko ètò náà, ọlọ́pàá sì ní láti dúró ti àwọn tó ń wólé. Kí ló dé? A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn tó ya àwòrán ìlú tuntun náà ka yàrá, wọ́n ka èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kò ka iṣẹ́.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, wá fọ̀rọ̀ wá àwọn tó kó lọ àti àwọn tí kò tíì kó lẹ́nu wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ti di aláìní nínú rẹ̀. Oníbàárà kò bá wọn dé Sùúrùlérè. Ẹni tó bá fẹ́ padà lọ bá oníbàárà rẹ̀ ní Erékùṣù yóò san owó ọkọ̀ lọ, yóò san án bọ̀, lórí owó ilé tí òun pàápàá ti lé sí i. Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà kò rí ẹni tà fún mọ́. Àwọn ìdílé kan tilẹ̀ pín sí méjì: ọkọ wà ní Sùúrùlérè, ìyàwó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ kí ọjà má baà kú. Àwọn àgbà tó ń gbára lé ohun tí ẹbí ń fi fún wọn bí wọ́n bá ń yà kí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni yà mọ́.

Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ìtìsẹ́yìn náà wà. Kì í ṣe pé ẹnì kan bú aránṣọ tàbí káfíńtà. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní kó má ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn ṣe ètò bíi pé iṣẹ́ rẹ̀ kò sí. Akọ̀wé tó ń gbowó oṣù lè gbé ibikíbi, owó oṣù rẹ̀ yóò bá a débẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tó ń gbé wà lára irinṣẹ́ rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ àti ayùn. Ìlú tí a fi ìwọ̀n akọ̀wé gé kò lè bá a mu. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí amọ̀kòkò ní abúlé bí wọ́n bá la ọ̀nà tuntun tí ọjà àtijọ́ sì tú. Kò sẹ́ni tó fọ́ ìkòkò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọjá mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí Sùúrùlérè fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà. Ẹ rìn gba Àgùdà tàbí Ojúẹlẹ́gba kọjá lónìí, ẹ ó rí ilé tí wọ́n ti fọ́ ògiri iwájú rẹ̀ láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: télọ̀, onídìrí, afọṣọ, oníbàtà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún oorun nìkan, àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ibi iṣẹ́ padà. Ìdáhùn nìyẹn fún àwọn tó yàwòrán. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ sì ti àpò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Iná jó ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà ní 2007, wọ́n sì tún un kọ́ ní ilé alájà gogoro tí wọ́n ṣí ní 2014. Ilé náà rẹwà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ látijọ́ ní owó ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ju agbára àwọn lọ.

Àwa tí a ń kàwé lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya irú àwòrán yìí lọ́la. Kí a tó béèrè iye yàrá tí ilé yóò ní, ẹ jẹ́ ká béèrè iṣẹ́ tí ẹni tó máa gbé ibẹ̀ ń ṣe, ká sì béèrè ibi tí oníbàárà rẹ̀ yóò ti rí i. Sùúrù lérè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni yóò máa ṣe sùúrù, kí ẹlòmíràn sì máa jẹ èrè rẹ̀.